Ríìlì Olówó Pọ́ọ́kú: Ṣé Ẹyọ Kan Lè Ṣe Dáàmù Erinlẹ̀ Kó Tún Ṣe Òkun?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Ọ̀pá ìwọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi kó tó rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ríìlì ara rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká okùn ìwọ̀, ti kú. Dáàmù Erinlẹ̀ ni mo sábà máa ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọdún bá sì ti ń parí lọ, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi ní Àgbádárìgì, a sì máa ń ju ìwọ̀ sókun níbẹ̀. Mo rí ríìlì kan lọ́jà, ₦28,000 ni wọ́n pè é. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé bẹ́rìnì mẹ́tàlá àti ẹyọ kan ló wà nínú rẹ̀, pé dírágì rẹ̀ lè dá kílò mẹ́wàá dúró, àti pé ó wà fún omi odò àti omi òkun. Ṣé kí n rà á? Ọlọ́wọ́ òsì tún ni mí, ṣé ìyẹn ò ní dí mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì san owó yẹn. Kì í ṣe pé owó náà kéré jù. Nínú àwọn ríìlì tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi fún àtúnṣe, àwọn kan wà tí owó wọn ò tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí páálí yẹn ń fi fọ́nnu. Kò sí ẹja tó mọ iye bẹ́rìnì tó wà nínú ríìlì. Ohun méjì ni ẹja máa dán wò: dírágì, ìyẹn bíréèkì tó wà lórí bọ́bìnì tí okùn ń wé mọ́, àti kẹ̀kẹ́ bíńtín tó wà lẹ́nu apá wáyà níbi tí okùn ń gbà kọjá. Bí méjèèjì bá dáa, ríìlì olówó pọ́ọ́kú á ṣe Erinlẹ̀, á sì ṣe Àgbádárìgì. Bí wọn ò bá dáa, kó ní ogún bẹ́rìnì, ẹ ò ní pẹ́ pínyà.

Fún ẹni tí kò bá tíì wo ríìlì fínnífínní rí, èyí tó máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá là ń sọ, kì í ṣe èyí tó ń jókòó lórí ọ̀pá. Bọ́bìnì rẹ̀ kì í yí nígbà tó o bá ń ju ìwọ̀. Ńṣe ni okùn máa ń tú kúrò létí rẹ̀ títí ìjẹ á fi balẹ̀ sínú omi. Tó o bá wá ń yí háńdù, apá wáyà á máa pòòyì yí bọ́bìnì ká, á máa wé okùn padà sí i. Oníṣòwò irun àgùntàn kan ní Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Illingworth, ló gbàwé àṣẹ fún irú rẹ̀ ní 1905. Iṣẹ́ òwú ló yí ọkùnrin náà ká. Àwa ọmọ ìlú aró ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tó ti rí ọgbọ́n ọ̀hún. Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé okùn máa ń ṣẹ́rí. Ó ti inú omi bọ̀ tààrà, ó dé ẹnu wáyà, ó yà bìrí, ó wá wọ bọ́bìnì. Ibi tó ti yà yẹn gan-an ni kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí wà, orí rẹ̀ sì ni gbogbo agbára ẹja ń gbà kọjá.

Kẹ̀kẹ́ náà ò tóbi ju èékánná ọmọ ìka lọ. Tí kò bá yí, okùn á máa fi ara ha á ní gbogbo ìgbà tó o bá ń fà. Okùn ọ̀rá á gbóná, ara rẹ̀ á máa bó, á máa lọ́ pọ̀, lọ́jọ́ kan á já lójú ẹja tí ò tó nǹkan. Okùn oníhun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń gé ojú irin rírọ̀ títí á fi di kòtò tẹ́ẹ́rẹ́, kòtò yẹn ni yóò sì máa gé okùn tó o bá tún rà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bú ẹni tó ta okùn fún wọn, wọn ò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló ń ṣe wọ́n.

Bó o ṣe máa dán an wò nìyí. Mú bírò kan àti okùn ìwọ̀ bíi mítà méjì dání lọ sọ́jà. Fi bírò tó àmì kékeré sára kẹ̀kẹ́ náà, gbé okùn kọ́ ọ lẹ́nu, di etí okùn méjèèjì mú kó le dáadáa, kí o máa fà á síwá sẹ́yìn. Àmì bírò yẹn gbọ́dọ̀ máa yí, kó máa lọ kó máa bọ̀. Bó bá dúró gbagidi tí okùn kàn ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ọlọ́jà á sọ fún ẹ pé óìlì ló ń wá. Nígbà míì òótọ́ ló ń sọ: sukúrú kan ṣoṣo ló dè é, tó o bá tú u, wàá rí i bóyá bẹ́rìnì ló wà nínú ẹ̀ tàbí ike roboto lásán. Ike náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó bá sáà ti ń yí. Sọ fún un kó kán óìlì sí i lójú ẹ, kó o tún un dán wò. Tí kò bá yí síbẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó o máa lọ.

Jẹ́ ká wá sórí dírágì, torí ibẹ̀ ló yẹ kí owó rẹ lọ. Tó o bá yọ ìdérí roboto tó wà lórí bọ́bìnì, wàá rí àwọn wáṣà pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn: irin kan, fẹ́ẹ̀tì kan, irin míì. Fẹ́ẹ̀tì yẹn rí bí aṣọ òtútù. Nínú àwọn ríìlì tó sàn jù, káábọ̀nù dúdú ló máa ń wà níbẹ̀ dípò rẹ̀, torí pé ooru kì í tètè bà á jẹ́. Bó o bá ṣe ń fún ìdérí yẹn mọ́lẹ̀ sí i ni àwọn wáṣà á ṣe máa há mọ́ ara wọn, tí bọ́bìnì ò sì ní fẹ́ yí. Tí ẹja bá wá fà ju ibi tó o fún un dé lọ, bọ́bìnì á yí, á tú okùn díẹ̀ sílẹ̀ fún un, okùn ò ní já. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bóyá kúta lo máa gbé délé tàbí ìtàn kúta.

Ní ti kílò mẹ́wàá tí wọ́n kọ sára páálí, ìgbà tí ìdérí bá ti há pátápátá ni wọ́n máa ń wọn irú ẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n rárá. Kí lo fẹ́ fi í ṣe? Okùn ọ̀rá tó o máa lò ní Erinlẹ̀, bíi kílò márùn-ún sí mẹ́fà ni agbára rẹ̀ kó tó já. Ohun tí àwa tó ń dẹ ìwọ̀ máa ń ṣe ni pé kí dírágì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn nígbà tí ẹja bá fà dé ìdá kan nínú mẹ́rin agbára okùn, ó pọ̀ jù ìdá kan nínú mẹ́ta. Okùn kílò mẹ́fà, dírágì kílò kan àbọ̀ sí méjì. Nítorí náà, bí ríìlì ṣe ń ṣe ní kílò kan àbọ̀ ni kó o wò, kì í ṣe bó ṣe ń ṣe ní mẹ́wàá. Àwọn ríìlì ayédèrú sábà máa ń há dáadáa tí wọ́n bá fún wọn pa. Ibi tí wọ́n ti ń tú okùn ni wọ́n ti ń ṣe ségesège. Wọ́n á kọ́kọ́ di okùn mú, wọ́n á wá fi sílẹ̀ lójijì, wọ́n á tún dì í mú. Ẹja tó bá sá lójijì, níbi ìdìmú àkọ́kọ́ yẹn ló ti máa ń já okùn lọ.

O ò nílò òṣùwọ̀n láti dán èyí wò. Píọ́ wọ́tà kan jẹ́ nǹkan bí ìdajì lítà, ìdajì lítà omi sì jẹ́ ìdajì kílò. Kó mẹ́ta sínú ọ̀rá kan, kílò kan àbọ̀ rẹ nìyẹn. Bá ọlọ́jà sọ ọ́ dáadáa pé o fẹ́ gbé ríìlì náà lọ dán wò, pé tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàá dá a padà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó mọ ohun tó ń tà kì í kọ̀ ọ́. Délé, de ríìlì mọ́ ọ̀pá, ká okùn sí i, so ọ̀rá omi náà mọ́ ẹnu okùn, kó o wá gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látorí kí ìdérí dẹ̀, kó o máa fún un títí ọ̀rá náà á fi kúrò nílẹ̀, tí á wá máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú rẹ ni kó o fi ṣọ́ ọ nígbà tó bá ń sọ̀. Ó yẹ kó máa yọ̀ wálẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá ṣe ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, láìdúró, láìjá ṣẹ́ẹ̀. Bó bá ń sọ̀, tó ń dúró, tó tún ń sọ̀, tí ẹnu ọ̀pá ń mì jìgìjìgì, ìwà tó máa hù lójú ẹja nìyẹn. Fi omi náà sílẹ̀ kọ́ra bíi wákàtí kan pẹ̀lú ìdérí tó há díẹ̀, kó o wá tún un ṣe, torí fẹ́ẹ̀tì míì máa ń lẹ̀ mọ́ irin tó bá ti pẹ́ níbẹ̀.

Bẹ́rìnì ńkọ́? Nínú "mẹ́tàlá àti ẹyọ kan" yẹn, ẹyọ kan tó dá dúró ni kì í jẹ́ kí háńdù yí sẹ́yìn. Nínú àwọn yòókù, mẹ́rin sí márùn-ún péré ló ní ibi tí wọ́n ti wúlò gan-an: méjì tó gbé gíà ńlá dúró, ọ̀kan tàbí méjì lára gíà kékeré tó ń yí apá wáyà, àti ẹyọ kan nínú kẹ̀kẹ́ tí a ti sọ. Ìyókù, inú kókó háńdù àti àwọn ibi tí ike lásán á ti ṣe é ni wọ́n máa ń kó wọn sí kí iye lè pọ̀ lára páálí. Fún ìwọ tó ń lọ sókun, ewu tún wà níbẹ̀. Bẹ́rìnì irin tí kò dáa kan, ibi kan tí ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ike kì í dípẹtà. Èmi á mú ríìlì oní-bẹ́rìnì mẹ́rin tí wọ́n fi sitẹẹnlẹ́ẹ̀sì gidi ṣe ju oní-mẹ́tàlá tí a ò mọ orírun rẹ̀ lọ.

Àwọn àyẹ̀wò tó kù kò gba àkókò. Di háńdù mú kó o mì í sọ́tùn-ún sósì: ó lè mì bíńtín, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ máa jó. Yí i sẹ́yìn lójijì, kò gbọdọ̀ gbà. Yí i síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́ nítòsí etí rẹ. Bó o bá gbọ́ bí ẹni ń rún iyanrìn, gíà rẹ̀ ò bára mu. Ṣí apá wáyà, kó o gbọn ríìlì bí ẹni fẹ́ ju ìwọ̀: kò gbọdọ̀ pa dé fúnra rẹ̀, torí bó bá pa dé nígbà tí ìjẹ ṣì wà lófuurufú, okùn á já, ìjẹ á sì fò lọ láìpadàbọ̀. Mú òwú kékeré, òwú tí wọ́n fi ń nu egbò, kó o fi pa etí bọ́bìnì yí po. Ibi tí fọ́nrán òwú bá kọ́ sí, okùn rẹ náà á ha níbẹ̀. Èyí ni èmi máa ń kọ́kọ́ ṣe ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà, ọ̀pọ̀ ríìlì ló sì ti bọ́ níbẹ̀.

Ìwọ̀n wo ni kó o rà? Nọ́ńbà tó wà lára ríìlì, 1000, 2500, 4000, 6000, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4000 ilé iṣẹ́ kan lè tóbi díẹ̀ ju ti òmíràn. 2500 dùn mọ́ni lọ́wọ́ fún ẹpìyà àti ọ̀bọ̀kún ní Erinlẹ̀, àmọ́ okùn inú rẹ̀ á tètè tán tí kúta bá gbé ìjẹ sá. 6000 á ṣe òkun dáadáa, ṣùgbọ́n tó o bá fi ju ekòló fún àrọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, apá á máa ro ẹ́. Mú 4000. Á gbà tó mítà 150 sí 200 okùn ọ̀rá 0.30 mm, kò sì wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ. Gíà 5.2:1 tó ẹ. Ìyẹn ni pé tí háńdù bá yí lẹ́ẹ̀kan, apá wáyà á ti yí lẹ́ẹ̀marùn-ún ó lé díẹ̀. Èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ wúlò fún ẹni tó ń fa ìjẹ ayédèrú sáré lórí omi, àmọ́ ó máa ń nira láti fi fa àrọ̀ ńlá tó ti wọ abẹ́ koríko.

Ara rẹ̀ ńkọ́, ike ni àbí irin? Pẹ̀lú owó rẹ, ike ni, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Omi iyọ̀ kì í jẹ ike. Ibi tí ike ti ń kùnà ni pé tí ìfà bá le, ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀, gíà inú rẹ̀ á wá kúrò lójú ọ̀nà. Kò ní ṣẹlẹ̀ sí ẹ ní kílò méjì. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fún dírágì pa, tí wọ́n wá ń fi háńdù wú ẹja jáde bí ẹní ń fami látinú kànga. Ọ̀pá ni kó o fi gbé ẹja sún mọ́ ẹ, kó o wá máa ká okùn nígbà tó o bá ń sọ ọ̀pá kalẹ̀. Tí ẹja bá sì ń fa okùn lọ lọ́wọ́, má yí háńdù rárá; ńṣe lo máa lọ́ okùn pọ̀ láìsí kóbọ̀ èrè. Bọ́bìnì ní tiẹ̀, jẹ́ kó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, kì í ṣe ike, torí okùn ọ̀rá tó bá fún mọ́ ọn lè fọ́ bọ́bìnì ike.

Wàyí o, òkun. Iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ba ríìlì jẹ́ ní gbàrà tó bá kàn án. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni iyọ̀ tó gbẹ sí i lára, torí iyọ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ríìlì tó o rò pé ó ti gbẹ ṣì ń lọ́rinrin nínú búùtù ọkọ̀. Bí irin méjì tí kò bára mu bá wá fara kan ara wọn, bíi sukúrú sitẹẹnlẹ́ẹ̀sì tó wọ inú bọ́bìnì alumíníọ́ọ̀mù, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, iná mànàmáná bíńtín á máa sáré láàárín wọn, á sì máa jẹ alumíníọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀. Lulúbútú funfun tó o máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sukúrú nìyẹn. Ríìlì olówó ńlá náà ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "sealed" sára rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n dí àwọn ọ̀nà kan kí omi má tètè wọlé. Ìyẹn ò ní kó o máa rì í sínú omi.

Nítorí náà, má dúró dìgbà tó o bá padà dé Òṣogbo. Àgbádárìgì níbẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, ni kó o ti fọ̀ ọ́. Fún ìdérí dírágì pa kí omi má wọ àárín wáṣà, da omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lé e lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó o máa yí háńdù rẹ̀ lọ. Má rì í sínú garawa, má sì jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi páìpù wọn fọ̀ ọ́, agbára omi yẹn á ti iyọ̀ wọnú síi ni. Nu ún, tú ìdérí dírágì dẹ̀ pátápátá, kó o yọ bọ́bìnì gbé e síbi atẹ́gùn. Ọjọ́ kejì, kán óìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan sí kẹ̀kẹ́ ẹnu wáyà, ẹyọ kan sí ìdí apá wáyà níbi tó ti ń ṣí tó ń pa dé, ẹyọ kan sí ìdí háńdù. Gíríìsì, ara gíà nìkan ló wà fún. Bẹ́rìnì tí kì í jẹ́ kí háńdù yí sẹ́yìn, má kán nǹkankan sí i. Tí òróró bá dé ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, háńdù á sì gbá ẹ níka lọ́jọ́ tó o bá kọ́ ẹja ńlá. Kẹrosíìnì tí àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti fi fọ irin, fi sílẹ̀ fún ṣéènì ọ̀kadà. Á fọ gbogbo gíríìsì inú ríìlì dànù, gíà á wá máa jẹ ara wọn.

Má sì rò pé omi odò ò ní tiẹ̀. Omi Ọ̀ṣun tó ti pọ́n láti ìgbà tí ìwakùsà wúrà ti gbilẹ̀ lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹrẹ̀ kíkúnná ló kún inú ẹ̀. Okùn tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń gbé ẹrẹ̀ náà wá sórí kẹ̀kẹ́ bíńtín yẹn, á sì máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ. Nínú àwọn ríìlì tí mò ń tú, àwọn tí wọn ò dé òkun rí máa ń dákú síbi kan náà pẹ̀lú àwọn tó ti dé òkun; ti ìpẹtà ni ti ọ̀hún, ti ẹrẹ̀ ni ti ibí. Omi Erinlẹ̀ mọ́ jù ú lọ, síbẹ̀ da omi díẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ yẹn tó o bá délé.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ Ọ̀ṣun, mo mọ̀ pé ọmọ Òṣogbo ò nílò kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń ka èyí: kò sẹ́ni tó ń ju ìwọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun. Ẹja ibẹ̀ ti Yèyé ni. Ìlú tí ọba rẹ̀ tẹ́wọ́ gba ẹja kì í fi ìwọ̀ kọ́ ẹja ọ̀hún lẹ́nu. Ibi tí omi kan náà bá ti jáde sí ọ̀sà Lẹ́kí lápá Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn ará ibẹ̀ ń pẹja wọn. Ẹ wá ibòmíì lọ.

Okùn: ká okùn ọ̀rá 0.30 mm sí i, ó máa ṣe omi méjèèjì. Má kún bọ́bìnì dé etí. Fi ìwọ̀n mìlímítà méjì sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá fẹ́ lo oníhun, kọ́kọ́ wé okùn ọ̀rá díẹ̀ sídìí bọ́bìnì, torí oníhun máa ń yọ̀ lórí irin, gbogbo rẹ̀ á máa yí lójú kan tí wàá rò pé dírágì ló bàjẹ́. Ní ìdojúkọ kúta, fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú ìwọ̀. Eyín rẹ̀ ò mọ ọ̀rá.

O ò béèrè orúkọ ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o máa bi mí. Penn tó bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1932, Daiwa, àti Shimano ti Japan, èyí tí o ti máa rí lára gíà kẹ̀kẹ́ ológeere torí ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1921, gbogbo wọn ló ní ríìlì kékeré tí kò wọ́n púpọ̀. Penn Battle III, fún àpẹẹrẹ, ara irin ló ní, dírágì káábọ̀nù, bẹ́rìnì tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju tìrẹ lọ fíìfíì. Tókunbọ̀ ilé iṣẹ́ gidi lè bọ́ sí iye tó o mú dání, bó bá sì yege gbogbo àyẹ̀wò òkè yìí, èmi á mú un ju tuntun tí kò lórúkọ lọ. Wo ìdí rẹ̀ níbi tó ti ń wọ ọ̀pá: ojúlówó sábà máa ń ní àkọlé àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tí lẹ́tà rẹ̀ tọ́. Kí o sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá rẹ lókè ibi ìdìmú. Bó bá jẹ́ okùn tínínrín ni wọ́n ṣe é fún, má fi sọ òjé tó wúwo sókun.

Ohun kan tí kò kan ríìlì: tó o bá fa okùn wá ní Erinlẹ̀ tí ẹja rírọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí ara rẹ̀ wú gbìn-ìn wà lẹ́nu rẹ̀, má sáré dì í mú. Òjìjí ni, ẹja tó máa ń gbọn èèyàn bí iná mànàmáná. Fi igi gbígbẹ tàbí ike yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti ọwọ́ òsì rẹ, má yọnu. Háńdù ríìlì yìí máa ń ṣí sí ìhà méjèèjì. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì ju ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún ló máa fi yí háńdù, nítorí náà ìhà ọ̀tún ni kó o gbé e sí. Ìdérí kékeré kan wà ní ìhà kejì. Tú u, tú háńdù, kó o pààrọ̀ wọn. Nínú àwọn kan, háńdù fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú gíà bíi sukúrú, irun sukúrú ìhà ọ̀tún sì yàtọ̀ sí ti òsì. Tí kò bá fẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, má fipá yí i, ìhà tí kì í ṣe tirẹ̀ lo ń yí i sí. Ṣe èyí lójú ọlọ́jà kó o tó sanwó, torí mo ti rí èyí tí wọ́n ti fipá yí, tí irun sukúrú inú rẹ̀ ti jẹ tán, tí wọ́n sì tún dá padà sínú páálí.